Ilé Àṣàbí Nísàlẹ̀ Adágún

Ẹni tó bá rí adágún wa lẹ́bàá Akaka nígbà yẹn, tó rí àwọn ará Èkó tí wọ́n ń tukọ̀ kiri lórí rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, á rò pé Olódùmarè ló dá a síbẹ̀. Irọ́ ni. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ tán ni olówó kan fi símẹ́ńtì dí odò wa, tó kọ́ ilé ìgbafẹ́ sórí òkè. Abà wa rì. A kó ẹrù, a kó adìẹ, ṣùgbọ́n inú yàrá la sin Àṣàbí ìyá mi sí, bí a ti máa ń sin òkú wa. A ò rí i kó.

Nírọ̀lẹ́, Fábíyìí bàbá mi á dúró létí omi. "Àṣàbí, o kú ilé o!" Àwọn àlejò á rò pé àwọn ló ń kí, wọ́n á juwọ́ sí i. Bàbá ò tilẹ̀ rí wọn.

Lọ́dún tí ọ̀dá dá, omi fà. Ògiri abà wa ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú ọyẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń jí lójú oorun. Àwọn àlejò ò wá mọ́, wọ́n ní ẹrẹ̀ ń rùn. Akínbọ́lá, olówó tó ni ilé ìgbafẹ́ náà, ń gbààwẹ̀ nítorí òjò. Bàbá ní tirẹ̀ gbá yàrá Àṣàbí, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú oórì rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run kóun kú kí òjò tó dé, ká lè sin òun síbẹ̀.

"Fẹ̀hìntọlá ọmọ mi, bómi bá tún bò ó, ibo lẹ máa sin mí sí?"

Inú bí mi. Ta ní í ṣe àmín sírú àdúrà bẹ́ẹ̀ fún baba rẹ̀? Èmi tí n kì í kí Akínbọ́lá, àwa méjèèjì la wá jọ ń wojú sánmà; èmi fẹ́ kójò dé kí àdúrà Bàbá tó gbà.

Òjò dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Omi ti mu Bàbá dé ọrùn ẹsẹ̀ níbi tó jókòó sí.

"Bàbá, ẹ dìde."

"Mé è lọ. Yèyé ẹ ti dá wà jù."

"Èmi náà ò lẹ́lòmíì!" Mo bú sẹ́kún.

Ó wò mí títí. Ó ṣí fìlà, ó bu erùpẹ̀ ojú oórì ìyá mi sínú rẹ̀, ó gbé e fún mi.

"Ibi yòówù tó o bá sin mí sí, fi èyí ṣe ìrọ̀rí fún mi."

Mo gbá fìlà náà mọ́ àyà. Ó wúwo. A jọ gòkè lọ nínú òjò, ó di èjìká mi mú, kò sì wẹ̀yìn.