Egungun Bahatan

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Felisa tú egungun ọkọ rẹ̀ han àwọn àlejò méjì, láìpa ẹlẹ́dẹ̀, láìta ọtí sílẹ̀, nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ kò sí nílé.

Kò sẹ́ni tó fi ipá mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sókè àjà, níbi tí èéfín ààrò ti sọ gbogbo nǹkan di dúdú. Òun ló gbé ẹrù náà sọ̀ kalẹ̀. Ẹrù náà fúyẹ́, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ dùn ún. Bahatan tó máa ń gbé òkúta ògiri méjì lé èjìká gun òkè abúlé wọn, Cambulo, láìsinmi, òun ló fúyẹ́ bí ọmọ oṣù mẹ́ta yìí.

Ohun tó fà á kò tó nǹkan. Joris àti ìyàwó rẹ̀, Griet, jẹ́ òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Felisa ló ń mú wọn rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta láàárín àwọn abúlé orí òkè. Òjò ká wọn mọ́ ilé rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń mu tíì.

“Felisa,” ni Joris wí, “a gbọ́ pé ẹ̀yin níbí máa ń tọ́jú egungun àwọn èèyàn yín sínú ilé. Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni.”

“Ṣé èèyàn lè rí i?”

Griet gbá a lórúnkún. “Joris! Má yọ obìnrin yẹn lẹ́nu.”

“Mo kàn béèrè ni. Ṣé ìbéèrè ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

Bí Felisa bá ní rárá, ọkùnrin náà ì bá mu tíì rẹ̀ tán, kó dákẹ́. Felisa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún mọ̀ pé láti ọdún mẹ́rìnlá tí òun ti ń mú àlejò rìn, ìgbà tí wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀ yìí kò lóǹkà, rárá ni òun sì máa ń sọ. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ti lọ bá àwọn ará abúlé Batad tu koríko oko. Ilé dákẹ́. Ó gbójú sókè wo àjà.

“Ẹ jẹ́ n gbé e wá,” ló wí.

Ọdún kẹfà nìyẹn tí Bahatan ti kú. Ìjì ńlá jà, ògiri òkúta tó gbá oko ìrẹsì wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè là, ó lọ tún un ṣe, ògiri sì wó lù ú. Wọ́n gbé e sínú ihò àpáta. Ní ọdún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá ìyá rẹ̀, Ìyá Intanap, lójú àlá, ó ń sọ pé òtútù ń mú òun. Nígbà tí òkú bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n fọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi aṣọ ìbora tuntun tí ìyá rẹ̀ hun dì í, wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì gbé e wá sílé. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Lunag, àbúrò rẹ̀, fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ ìyekan tó wá láti ọ̀nà jíjìn pàápàá fọwọ́ kàn án.

Felisa nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ó wà ní abúlé Pula pẹ̀lú àwọn àlejò, ó ní ilẹ̀ ya dí ọ̀nà. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ ya. Ṣùgbọ́n kí oòrùn ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kan àtàrí ni wọ́n ti kó erùpẹ̀ náà kúrò lọ́nà. Ọjọ́ méjì ni Felisa fi jókòó sí Pula torí pé ẹ̀rù ń bà á láti rí ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti dì í tán, wọ́n ti gbé e sókè àjà. Kò sẹ́ni tó bá a wí. “Ọ̀nà ni,” ni Ìyá Intanap sọ. “Kí lèèyàn lè fi ọ̀nà ṣe?”

Nítorí náà, nígbà tó tú aṣọ yẹn lójú àwọn àlejò, ìgbà àkọ́kọ́ tí òun náà máa rí i nìyẹn. Ó rí eyín iwájú tó kán lọ́jọ́ tí Bahatan fi eyín ṣí ìgò níbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo iwájú agbárí náà. Ó tutù. Ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ títí tí tíì fi tutù nínú ife.

Joris ṣí fìlà. Kò ya fọ́tò. Griet ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìwà wọn dára. Felisa ti wá ẹ̀bi wọn títí látìgbà náà, kò rí i.

Ó dì í padà, ó ta okùn rẹ̀ ní kókó, ó gbé e sípò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n mú ọ̀nà Pula pọ̀n. Ìkùukùu bo gbogbo àfonífojì. Orí ògiri oko ni ọ̀nà gbà, kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ méjì lọ. Omi àti ìrẹsì wà lọ́wọ́ kan, ọ̀gbun wà lọ́wọ́ kejì. Lórí ògiri bẹ́ẹ̀, òfin kan ló wà, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n: ẹni tí kò ru ẹrù ni yóò bọ́ sínú ẹrẹ̀ kí ẹlẹ́rù kọjá. Àlejò nìkan ni a kì í retí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Felisa gbọ́ ọ lẹ́yìn wọn. Ẹsẹ̀ lásán lórí òkúta, àti èémí ẹni tí ẹrù wúwo lọ́rùn rẹ̀. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni náà ń ṣe “hìn, hìn.”

“Ẹ dúró, ẹ sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ oko,” ló sọ fún àwọn àlejò. “Ẹnìkan ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù.” Ó bọ́ sínú oko. Ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Ó dúró.

Kò sẹ́ni tó kọjá.

“Ta ni?” ni Joris béèrè. Ó ń wẹ̀yìn. Ògiri náà lọ tààrà, ó wọ inú ìkùukùu. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ń ké.

“Mo rò pé…” Felisa gun orí ògiri padà. “Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Kò rìn tó ogójì ìṣísẹ̀ tó tún gbọ́ ọ. Ó tún bọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń tu koríko ní oko ìsàlẹ̀ rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Felisa o!” ni ọ̀kan nínú wọn ké. “Ṣé o fẹ́ bá wa tu koríko ni, àbí àwọn òyìnbó rẹ ló ń tì ọ́ ṣubú?”

“Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀!”

“Ẹsẹ̀ ta ni? Ẹsẹ̀ rẹ tó lè rìn lórí okùn aṣọ! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá wò ó, àgbà ti dé sí Felisa!”

“Ìyá tó bí ẹ ni àgbà dé sí!”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Felisa náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ó sì gun orí ògiri padà. Ó mọ “hìn, hìn” yẹn. Ọdún méjìdínlógún ló fi gbọ́ ọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń gòkè bọ̀ wálé lálaalẹ́.

Nígbà kẹta tó bọ́ sínú ẹrẹ̀, Joris fẹ́ fi ṣe àwàdà, ìyàwó rẹ̀ sì dì í lápá mú. Griet tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ fún Felisa láti fà á gòkè, ó sì rọra sọ fún un pé, “Èmi náà gbọ́ nǹkan. Ó dà bí ẹni tó ti rẹ̀ gan-an.”

Felisa di ọwọ́ náà mú, ó gòkè. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo igba ìṣísẹ̀ ló ń bọ́ sílẹ̀, àwọn àlejò ń dúró dè é, wọn kò sì béèrè nǹkan kan mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta ó mú wọn dé ojú títì, wọ́n wọ jípù. Griet dì mọ́ ọn pẹ́. Lẹ́yìn náà Felisa nìkan rìn padà sí Cambulo.

Ìyá Intanap ti dé. Ó jókòó sábẹ́ ilé, láàárín àwọn òpó mẹ́rin tó gbé ilé náà dúró lókè. Ẹrù náà wà lórí itan rẹ̀.

“Màmá, ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ oko.”

“Jókòó.”

“Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀…”

“Mo ní kó o jókòó, Felisa.”

Ó jókòó.

“Ó wá bá mi ní Batad,” ni ìyá náà wí. “Ó ní òtútù ń mú òun. Mo ní, irọ́ lò ń pa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣọ tuntun bò ọ́ ni. Ó ní kí n lọ wò ó.” Ó fi ìka gbígbẹ kan okùn tó wà lára ẹrù. “Ta ló ta kókó yìí?”

Felisa wo kókó náà. Òun ni wọ́n máa ń ta tí wọ́n bá fẹ́ so àlejò mọ́ra wọn nígbà tí ọ̀nà bá ń yọ̀. Àwọn afinimọ̀nà nìkan ló ń ta á. Ọwọ́ rẹ̀ ta á fúnra rẹ̀, kò tilẹ̀ rò ó.

“Èmi ni, Màmá.”

“Kí ló dé?”

“Àwọn àlejò ló bẹ̀ mí.”

“Wọ́n bẹ̀ ọ́.”

“Wọ́n bẹ̀ mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ̀.”

“Ìwọ?” Ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Ìwọ tó o ní kí ọ̀gá ọlọ́pàá bọ́ bàtà kó tó gun àkàbà mi? Ìwọ ni o kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀?”

Felisa tẹrí ba, ó ń ha ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Wojú mi. A kì í jí òkú lásán. Bó o bá jí i, o gbọ́dọ̀ fún un lóúnjẹ, o gbọ́dọ̀ sọ ohun tó o torí rẹ̀ jí i. Ìwọ jí i, o kò sọ nǹkan kan, o tún gbé e padà sókè. Ó ń rìn kiri báyìí.” Ó mí. “Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo fẹ́ rí i, sọ fún mi. Ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣì kù nínú ọgbà. Màá pa á lónìí, màá tú u fún ọ, wàá fọwọ́ kàn án títí yóò fi tẹ́ ọ lọ́rùn. Ọkọ rẹ ni. Ta ló máa bá ọ jà sí i? Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé o tẹ́ ọmọ mi sílẹ̀ bí ọjà fún àjèjì, sọ ìyẹn náà.”

Felisa la ẹnu. Ó fẹ́ sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun ló fẹ́ rí i, ìyá náà yóò béèrè ìdí tí kò fi wá lọ́jọ́ tí gbogbo ayé rí i. Yóò ní láti sọ nípa Pula, pé ọ̀nà kò dí, pé òun jókòó sí ẹ̀yìn ilé àlejò fún ọjọ́ méjì, òun ń jẹ ọ̀dùnkún, nígbà tí wọ́n ń fọ ọkọ òun. Ó ro ojú tí ìyá náà máa fi wo òun.

“Àwọn àlejò ló bẹ̀ mí,” ló tún sọ.

Ìyá Intanap mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó dìde, ó fi ọ̀já pọn ẹrù náà sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, ó mú ọ̀pá rẹ̀.

“Màá gbé e lọ sọ́dọ̀ Lunag ní Pula. Ilé tí wọ́n ti fi í ṣe ìran, kò lè sùn níbẹ̀.”

“Màmá, Pula jìnnà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e.”

“Ó fúyẹ́,” ni ìyá náà wí, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Láti ọjọ́ yẹn, Felisa kò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ó máa ń dúró láàárín ọ̀nà nígbà mìíràn, ó máa ń tẹ́tí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án wọ́n ṣe ètùtù fún Bahatan ní Pula. Felisa lọ. Kò sẹ́ni tó lé e. Lunag kí i, àwọn ọmọ kí i. Ìyá Intanap pàápàá dá a lóhùn nígbà tó kúnlẹ̀ kí i. Wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ méjì, àwọn àgbà ké sí àwọn baba ńlá títí ohùn wọn fi há, wọ́n tún Bahatan dì. Ìlẹ̀kùn wà ní títì nígbà tí wọ́n ń dì í, àwọn ẹbí nìkan ló wà nínú ilé. Felisa wà lóde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pín ẹran. Ẹran tútù ni ti ẹbí. Wọ́n ń gé e bí ipò oníkálukú ṣe rí sí òkú, wọ́n ń fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ gún un kí ẹni tó ni ín lè gbé e kọ́ lọ sílé. Lunag ń pe orúkọ. Ó pe ìyá, ó pe àwọn àbúrò bàbá, ó pe ọmọ ìyekan kan tí kò tíì tẹ Cambulo rí láyé rẹ̀. Ó gé apá tí wọ́n máa ń gé fún opó. Ó dá ọwọ́ dúró díẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì fi í lé ti ìyá rẹ̀ lórí.

Ìyàwó Lunag gbé abọ́ wá síwájú Felisa. Ẹran sísè ni, pẹ̀lú ìrẹsì, irú èyí tí wọ́n gbé fún olùkọ́ ilé ìwé àti awakọ̀ jípù tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Jẹun, Felisa,” ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ tutù. “Ọ̀nà tó o rìn wá jìn.”

Felisa jẹ ẹ́, torí a kì í kọ oúnjẹ òkú. Ó dúpẹ́. Nígbà tí àwọn ẹbí ń kó ẹran wọn, tí wọ́n ń pe ara wọn láti jọ rìn, ó dìde, ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó sì bọ́ sọ́nà Cambulo, ìrìn wákàtí mẹ́rin, kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́.