Náìsì Wo Lò Ń Sọ?

Orí àkàbà ni Mùsáfírù wà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún lápò. Iṣẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù ló ń ṣe. Ọmọ Ìwó ni, ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́rin tó ti ń gbé yàrá kan ní Mówè, nítorí pé ilé tuntun kò yéé yọ níbẹ̀, kò sì sí ilé tí kì í wá fèrèsé. Ó fi ọwọ́ òsì di férémù mú, ó fi ọ̀tún yọ fóònù. Nàfísàt ló kọ̀wé. Gẹ̀ẹ́sì ni, kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: You are nice.

"Alihamudulilai!"

Igbe náà le débi pé àkàbà mì. Sàlísù, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó sì ń di àkàbà náà mú nísàlẹ̀, fò sẹ́yìn.

"Kí ló dé? Ṣé iná gbé ẹ ni?"

"Nàfísàt ní mo náìsì!"

Nàfísàt yìí, kọ́tìnnì ló ń rán ní Ìbàfò, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí títì márosẹ̀. Àwọn oníṣòwò ará Ifọ̀ ló bí i. Láàárín oṣù mẹ́ta tí Mùsáfírù ti mọ̀ ọ́n, ọmọbìnrin náà ti pè é lẹ́ẹ̀mẹrin pé kó wá ṣe nẹ́ẹ̀tì fèrèsé fún òun, gbogbo ìgbà tó bá sì lọ ni wọ́n máa ń jókòó sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Ọkàn Mùsáfírù ti lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà pátápátá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti sọ.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jó lọ, ó jó bọ̀ láàárín àwọn àpò sìmẹ́ǹtì. Ó wọn fèrèsé kan lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì rí ìwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ewúrẹ́ kan ń kọjá lọ, Mùsáfírù kí i: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà!"

Àánú rẹ̀ ṣe Sàlísù. "Ọ̀rẹ́, jókòó. Wọ́n ti sọ ọ́ fún èmi náà rí. Tí obìnrin bá ti ní o náìsì, 'but' ló ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. You are nice, but mo ti lẹ́ni. You are nice, but bí ẹ̀gbọ́n ni mo ṣe mú ẹ. Máa retí 'but' tìẹ."

Láti ìgbà náà ni Mùsáfírù kò ti lè mú òòlù dáadáa mọ́. Fóònù dún, ó fò. Àwọn tó ń polówó dátà ni. Ó tún dún, ó tún fò. Ìyá rẹ̀ ló ń pè láti Ìwó.

"Màámi, kí ni náìsì?"

"Àìsàn? Ta ni àìsàn ń ṣe? Mùsáfírù! Kí ló ń ṣe ẹ́?"

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó rí ìyá náà tù nínú.

Nígbà tó di ọ̀sán Sunday, ó lọ bá lánlọ́ọ̀dù rẹ̀, Bàbá Ìyàndá. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ifọ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kí wọ́n sì wá kọ́lé sí Mówè. Ìwé atúmọ̀ èdè wọn tóbi débi pé ó ní àga tirẹ̀ ní pálọ̀. Mùsáfírù dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìsinmi, sà. Ẹ jọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo fẹ́ bi yín. Kí ni 'nice' gan-an túmọ̀ sí?"

Ojú bàbá náà tàn bí ojú ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. "Ọdún mẹ́wàá rèé tí mo ti ń gba ayálégbé, omi àti iná nìkan ni wọ́n ń bi mí. Dìde, ọmọ mi, dìde!"

Wọ́n gbé ìwé náà lé itan, wọ́n ń fi ìka tọ ìlà.

"Látìnì ló ti ṣẹ̀. Nescius, ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Òpè. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, ó di òmùgọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbà á. Ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n bá ní o náìsì, ìjà dé nìyẹn."

"Ẹ gbà mí, sà! Òmùgọ̀?"

"Fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò dúró síbẹ̀. Wọ́n ń lò ó fún onítìjú. Wọ́n ń lò ó fún ẹni tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn bọ̀rọ̀. Wọ́n tún ń lò ó fún iṣẹ́ tó pé pérépéré, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ló tó wá di ohun tó dára, èèyàn rere. Ọ̀rọ̀ máa ń rìn, gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ṣe rìn láti Ìwó."

"Èwo wá lèmi nínú gbogbo rẹ̀?"

Bàbá yọ awò ojú. "Ta ló pè ẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mùsáfírù ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò yọ ti nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

"Fèrèsé mélòó ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà?"

"Ẹyọ kan, sà."

"Nẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, fèrèsé kan?"

"Ẹ̀fọn Ìbàfò pọ̀ ni, sà."

Bàbá Ìyàndá wò ó títí. Ẹ̀rín wá gbé wọn. Wọ́n rín in títí ìyàwó wọn fi sáré jáde láti ilé ìdáná, tó rò pé èémí ló há. "Mùsáfírù," ni wọ́n ń sọ, tí omi ń dà lójú wọn, "ti Látìnì gan-an ni tìẹ! Bọ́ sọ́nà, lọ bi í!"

Ìgbà yẹn ló tó yé e pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn. Etí rẹ̀ gbóná. Sìlípáàsì ilé ló wọ̀ jáde. Nínú kórópe tó gbé e lọ sí Ìbàfò, ó ń dá rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó jókòó tì í sún mọ́ fèrèsé.

Ó bá Nàfísàt nídìí ẹ̀rọ, oníbàárà kan dúró tì í. Mùsáfírù kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

"Nàfísàt, náìsì wo lò ń sọ? Ṣé ti òpè ni, àbí ti onítìjú, àbí ti ìwọ̀n tó pé, àbí ti èèyàn rere?"

Ẹ̀rọ dákẹ́. "Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo ìyẹn?"

"Lánlọ́ọ̀dù mi."

Nàfísàt fa kọ́tìnnì tó ń rán bo ojú. "Èmi ò mọ gbogbo ìyẹn o. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ojú ń tì mí láti sọ ní Yorùbá. Ni mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì bò ó."

"Kí lo wá fẹ́ sọ?"

Nàfísàt wọ abẹ́ kọ́tìnnì náà lọ pátápátá. Oníbàárà mí kanlẹ̀. "Àǹtí, ẹ fi Ọlọ́run sọ ọ́, kí n lè gba kọ́tìnnì mi."

Ohùn kékeré jáde lábẹ́ aṣọ: "Mo fẹ́ kí o fẹ́ mi."

Mùsáfírù fò sókè. Ó jókòó bàlàbàlà sórí òkìtì àgékù aṣọ nílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Nàfísàt náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lábẹ́ kọ́tìnnì, ó kù díẹ̀ kó fà á ya. Oníbàárà tó ní òun ń kánjú fa àga, ó jókòó, ó ní òun ò lọ mọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n jọ lọ sí Ifọ̀. Ìyá Nàfísàt bi Mùsáfírù ní orúkọ bàbá rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé. Ó ń wo òrùlé, ó ń wo ilẹ̀, àfìgbà tí Nàfísàt bá a sọ ọ́. Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n so yìgì wọn.