Ìṣirò Ojú Ìwé Kọkàndínlógún

"Ṣé o ti parí ẹ̀?" Ohùn Bàámi tún dún láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú.

"Ó kù díẹ̀, Bàámi," ni Bùkúnmi dáhùn.

Irọ́ ni. Ó ti parí láti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe ìṣirò náà, ibì kan náà ló sì ń já sí.

Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì ti gbó, epo ẹ̀rọ ti ta sí i létí. Inú ìwé náà ni bàbá rẹ̀, Ẹnjiníà Ilésanmí Ẹlúyẹmí, ti ṣe ìṣirò àwọn sípíríǹgì tí wọ́n ń fi sábẹ́ kọ́ọ̀ṣì rélùwéè, àwọn irin ńlá tí wọ́n ká bí okùn, tí gbogbo ọkọ̀ ń jókòó lé lórí kó má baà máa gbo èrò jìgìjìgì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ náà ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Ọ̀fà, kó tó fẹ̀yìn tì wá sí Ìpáò.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn kọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi sípíríǹgì náà sí yọ kúrò lójú irin. Èèyàn mẹ́rìnlá kú. Wọ́n bá sípíríǹgì kan lábẹ́ rẹ̀ tó ti kán sí méjì. Àwọn aláyẹ̀wò ní àwọn tó fi iná sí irin náà ni wọn ò ṣe é dáadáa, wọ́n sì lọ mú Abdulazeez, ọ̀gá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ìléru. Ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ̀ nìyí ní àtìmọ́lé.

Bàámi kò gbà. Lọ́jọ́rú ló pe Bùkúnmi lórí fóònù ní Ìkọ̀lé.

"Ọdún méjìdínlógún ni mo fi wo Abdulazeez nídìí iná," ló sọ fún un. "Tó bá ti wo bí irin ṣe pọ́n tó, ó ti mọ ìgbà tó yẹ kó yọ ọ́. Ọwọ́ ẹ̀ ò lè ṣì. Ìṣirò tèmi náà ò sì lè ṣì. Kí ló wá kán an? Ìwọ lò ń kọ́ wọn níṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì. Wá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ìjàǹbá náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Ìdí nìyẹn tí Bùkúnmi fi wa ọkọ̀ rẹ̀ wá láàárọ̀ Sátidé yìí.

Lójú ìwé kẹtàdínlógún, Bàámi kọ ìwúwo kọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lọ́nà méjì. Tó bá ṣófo, tọ́ọ̀nù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Tí èrò àti ẹrù bá kún inú rẹ̀, tọ́ọ̀nù mẹ́rìnlélógójì ni. Lójú ìwé kọkàndínlógún, níbi tó ti ń wá bí irin náà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, ti kọ́ọ̀ṣì òfìfo ló mú. Gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló tọ́, ó mọ́, ó gún régé. Irin tó yẹ kó jẹ́ ogójì mìlímítà wá di mẹ́rìndínlógójì.

"Bùkúnmi, wá bá mi ní kíṣìnnì."

Ìyá rẹ̀, Àdùkẹ́, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń wo ojú ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bùkúnmi tẹ̀ lé e wọlé.

"Kí lo rí níbẹ̀?"

Bùkúnmi sọ ọ́ fún un ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyá rẹ̀ gbé ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu sílẹ̀.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, Màámi."

"Má sọ fún un."

"Màámi!"

"Lọ́dún tó kọjá ni apá òsì ẹ̀ rọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ ò gbọdọ̀ lọ sókè mọ́. Ṣé ukú lo fẹ́ fi ọwọ́ ara ẹ fà wọ ulé yìí? Sọ fún un pé uṣẹ́ ẹ̀ pé. Látìgbà àìsàn yẹn, nọ́ńbà máa ń dà rú mọ́ ọn lójú. Kò ní mọ̀."

Bùkúnmi mọ̀ pé òótọ́ ni. Ohun tó bà á lẹ́rù nìyẹn, pé irọ́ náà kò ní ṣòro pa rárá.

"Tí mo bá sọ pé ó pé, Màámi, wọ́n á bi í ní Mọ́ńdè, á sì búra pé ó pé. Ẹnu Bàámi ni wọ́n á fi sọ Abdulazeez sẹ́wọ̀n."

Ìyá rẹ̀ bu omi, ó tún ń fọ iṣu tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó Abdulazeez pè mí láàárọ̀ yìí," ló sọ níkẹyìn, kò gbójú sókè. "Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá ẹ. Ó ní nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, bàbá ẹ nìkan ni kò pa ọkọ òun tì." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Lọ. Kí n tó tún dá ẹ dúró."

Bàámi jókòó sórí àga onígi, ó kọjú sí ọ̀nà tí àwọn aládùúgbò sá kòkó sí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bíi pé ibi iṣẹ́ ló ń lọ.

"Ó pé, àbí?" ló bi í.

Ọ̀nà jíjìn ni Bùkúnmi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Kò rí i ṣe. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ṣí ìwé náà sórí itan bàbá rẹ̀.

"Bàámi, ẹ wo ìlà kẹrin."

"Mo rí i. Ìwúwo kọ́ọ̀ṣì ni."

"Kọ́ọ̀ṣì wo?"

Bàámi rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èyí tó kún ni. Ta ló máa ń fi òfìfo…"

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wá ojú ìwé kẹtàdínlógún. Bébà náà ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, Bùkúnmi kò sì bá a ṣí i. Ó wo ibẹ̀, ó padà sí kọkàndínlógún, ó tún wo ibẹ̀.

"Fún mi ní pẹ́ńsùlù."

Etí ìwé ló ti ṣe ìṣirò náà. Nọ́ńbà rẹ̀ wọ́ wúruwùru bíi tọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀kan, ó fagi lé e, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bùkúnmi ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí Bàámi rí ohun tí òun kò rí. Ọ̀kadà méjì kọjá, wọ́n yà fún kòkó tó wà lójú ọ̀nà. Níkẹyìn pẹ́ńsùlù náà dúró.

"Ogójì," ni Bàámi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

"Mẹ́rìndínlógójì ni mo ní kí wọ́n ṣe." Ó mí kanlẹ̀. "Ìwúwo tí mo kọ fún wọn náà ni wọ́n fi dán an wò. Báwo ló ṣe máa kán lójú wọn?"

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn yín?"

"Kò sẹ́ni. Wọn ò yẹ tèmi wò mọ́ nígbà yẹn. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kò pọn dandan."

Ìyá Bùkúnmi ti jáde síta pẹ̀lú oògùn àti ife omi. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwọn tó kú," ni Bàámi bèèrè, "ṣé ọmọdé wà nínú wọn?"

"Méjì, Bàámi."

Ó di ọwọ́ àga mú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Kọ́ọ̀ṣì mọ́kànlá la ṣe é fún. Mẹ́wàá yòókù ńkọ́?"

Bùkúnmi kò tíì ronú dé ibẹ̀. "Wọ́n ṣì ń gbé èrò. Iná ìléru ni wọ́n rò pé ó fà á, pé irin kan ṣoṣo ló bàjẹ́."

"Mọ́ńdè ti pẹ́ jù nìyẹn. Mú fóònù ẹ, ká kọ̀wé ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ báyìí. Ọwọ́ mi ò ní lè kọ ọ́. Kọ ọ́ bí mo bá ṣe ń sọ ọ́."

"Ẹ kọ́kọ́ lo oògùn yín," ni Àdùkẹ́ wí. "Ẹ jọ̀ọ́."

Bàámi gbà á, ó lò ó. Ìyàwó rẹ̀ fa àga kékeré kan, ó jókòó tì í. Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀, Bùkúnmi ń tẹ̀ ẹ́: orúkọ rẹ̀, ọdún tó ṣe iṣẹ́ náà, pé Abdulazeez kò mọ nǹkan kan nípa ìṣirò, pé ohun tí wọ́n bá kọ fún un ló ń ṣe.

"Ka ibi tí a dé fún mi."

"'Lójú ìwé kọkàndínlógún, àṣìṣe kan wọ inú ìṣirò náà.'"

"Kò sí àṣìṣe tó dá wọ ibẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo sọ fún ẹ pé kí o kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

"Bàámi, ohun kan náà ni…"

"Bùkúnmi."

Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé: Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà.

"Ó ku ẹyọ kan," ni Bàámi wí. "Kọ ọ́ sókè pátápátá, ṣáájú orúkọ mi. Kí wọ́n dá kọ́ọ̀ṣì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúró lónìí. Kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ wọ́n mọ́."