Kẹ̀kẹ́ Ràfátù Lójú Ọ̀nà Àtàn

Kẹ̀kẹ́ náà ti fara ti ògiri fún oṣù méjì kí Ràfátù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìdí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Láwàlì káfíńtà, ló rà á l'Ékòó nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìfọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti gbé e lọ sí Agége báyìí: lọ́rí ló ń wọ̀ lọ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Jímọ̀ ló ń dé, kẹ̀kẹ́ sì ti di ibi tí adìẹ ń sùn sí. Ràfátù a máa dúró tì í, a máa wò ó. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, ó ń ṣubú; bó bá ń lọ, kì í ṣubú. Kí ló dé? Ẹni tó ń sáré la mọ̀ tó ń ṣubú, ta ló dúró jẹ́ẹ́ tó ṣubú rí?

"Òyìnbó ló mọ ìdí ẹ̀," ni Láwàlì sọ nígbà tó bi í.

Ìdáhùn yìí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Kẹ̀kẹ́ kúkú kò mọ̀ bóyá òyìnbó ló wà lórí òun tàbí ará Ọ̀tà. Ó mú ọmọrí ìkòkò kan, ó yí i lójú àgbàlá. Ọmọrí fi etí rẹ̀ sáré lọ láìṣubú, àfi ìgbà tí eré rẹ̀ dín kù ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún, fì sósì. Ó mú un, ó tún yí i, bóyá ìgbà mẹ́wàá. Àwọn obìnrin ilé ń wò ó tìyanutìyanu, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti dé bá agbẹ̀bí.

Ẹ má rò pé eré lásán ni o. Agbẹ̀bí ni Ràfátù lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Mùíbátù, wà nílé ọkọ ní Àtàn, máìlì méje sí Ọ̀tà. Mùíbátù ti bímọ méjì, kò sí èyí tó mí nínú wọn. Ìgbà méjèèjì, ìwọ́ ló wé ọmọ lọ́rùn, agbẹ̀bí àgbà tó wà ní Àtàn kò sì ríran dáadáa mọ́. Ìgbà méjèèjì ni Ràfátù fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, tó bá ọmọ nínú aṣọ funfun. Lẹ́ẹ̀kejì, Mùíbátù kò sunkún. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò pẹ́. Ọ̀nà ló jìn." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ràfátù ju ẹkún lọ.

Oyún kẹta ti pé oṣù márùn-ún báyìí. Àwọn ará ilé ọkọ Mùíbátù kò gbà kó wá bí i sí Ọ̀tà. Orí ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti ń bí àrólé wọn. Ràfátù náà kò sì lè fi àwọn aboyún Ọ̀tà sílẹ̀, kó lọ máa dúró de ọjọ́ kan ṣoṣo ní Àtàn. Máìlì méje yẹn ló kù kó borí, kẹ̀kẹ́ ló sì fẹ́ kọ́ láti fi borí rẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ti ọkọ nìkan. Baba Ògúndèyí, ẹ̀gbọ́n bàbá Láwàlì, ni olórí ilé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni tọkọtaya náà sì gbé e lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó fa áṣáà díẹ̀ símú.

"Obìnrin lórí irin," ni bàbá wí. "Ó dáa, mi ò ní dí ọ lọ́wọ́. Àmọ́ ìyàwó ilé yìí ò gbọdọ̀ ti orí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. Ẹni tó gun ẹṣin gan-an ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi tó o bá ti bá àgbà pàdé, sọ̀, kúnlẹ̀, kó o tó máa lọ."

"Mo gbọ́, Baba. Mo ṣèlérí."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Láwàlì ló ń bá a di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú ní pápá tó wà lẹ́yìn ọjà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ó wọ kẹ̀ǹbẹ̀ ọkọ rẹ̀ sábẹ́ ìró. Ọ̀sẹ̀ kìíní, orúnkún ló bó. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìgúnpá ni, pẹ̀lú ìró kan tí ṣéènì jẹ. Kò bìkítà, ìwádìí ló gbà á lọ́kàn. Ó ṣàkíyèsí pé ibi tí ojú ẹni bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ: ó wo ìdí àgbọn kan tí kò fẹ́ kọlù, ó sì lọ kọlù ú tààrà. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà jíjìn ló ń gbójú wò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Láwàlì jọ̀wọ́ ìjókòó láìsọ fún un, Ràfátù yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ pé òun nìkan ni.

Ìgbà tó bọ́ sójú ọ̀nà ló wá mọ bí ìlérí rẹ̀ ṣe wúwo tó. Kẹ̀kẹ́ ọkùnrin ni, irin ìdábùú rẹ̀ ga, Ràfátù sì kúrú. Kò lè gùn ún àfi tó bá rí kùkùté tàbí òkúta gùn lé. Bẹ́ẹ̀, ohun tó pọ̀ jù l'Ọ̀tà ni àgbàlagbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ̀ nígbà mọ́kànlá kó tó jáde nílùú. Ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná, tí Ràfátù ti kúnlẹ̀ kí, fẹsẹ̀ rìn kọjá lára rẹ̀ níbi tó ti ń wá òkúta kiri. Ó tún bá ìyá náà níwájú, ó tún sọ̀, ó tún kúnlẹ̀. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣé irin yẹn ń ṣàìsàn ni?"

Kàkà kó bínú, ó ń kọ́ ọ̀nà. Ó mọ kùkùté kọ̀ọ̀kan, ó mọ òkúta, ó mọ òkìtì ọ̀gán. Bó bá rí àgbà lókèèrè, yóò ti ṣírò ibi tí yóò ti kí i kó lè rí nǹkan gùn lé. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó dé Ìyẹsí. Ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó dé afárá odò Ìjù. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lódì kejì odò nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Àfi kéèyàn fi eré sọ̀ wá láti apá ìhín kó tó lè gun òkè náà, kò sì sí kùkùté kankan lórí rẹ̀, títí di bíi máìlì kan níwájú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Fàlílù, ọkọ Mùíbátù, bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rí ẹlẹ́kùrọ́ tó ń lọ sí Èkó. Ètè rẹ̀ gbẹ.

"Ó ti ń rọbí láti ìdájí. Ìyá agbẹ̀bí ní òun ò mọ ohun tí ọwọ́ òun ń bà."

Lọ́rí kò ní padà títí di ọ̀la. Ràfátù di abẹ, òwú àti ọṣẹ mẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ní kí Fàlílù máa fẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, ó sì gùn ún. Ó sọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dé Ìyẹsí, ìdí kùkùté ni ní gbogbo ìgbà, kò fi àkókò ṣòfò. Lẹ́yìn Ìyẹsí, ọ̀nà dá. Ó fi eré sọ̀ lọ sí odò Ìjù, ó ré afárá kọjá, eré náà gbé e dé ìdajì òkè. Ibẹ̀ ló ti rí Baba Ògúndèyí tó ń bọ̀ láti oko, tó ru iṣu, àdá lọ́wọ́.

Bó bá sọ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi rin máìlì kan. Bó bá kọjá, ó ti sọ ara rẹ̀ di aláìníìtìjú lójú ẹni tó fún un láyè. Inú bí i sí òkè, sí bàbá, sí ara rẹ̀. Ó di bíréèkì mú, ó ṣubú, ó sì kúnlẹ̀ síbi tó ṣubú sí.

"Baba, ẹ kú oko o."

"Níbo lò ń lọ?"

"Àtàn ni, Baba. Mùíbátù ń rọbí láti ìdájí."

Bàbá mọ̀ nípa ọmọ méjèèjì. "Kí lò ń dúró ṣe? Gùn ún."

"Kò sí kùkùté níbí, Baba. Mi ò lè gùn ún láìsí kùkùté."

Bàbá wo òkè, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo orúnkún rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. "Ṣé bó o ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá nìyí?"

"Mo ṣèlérí fún yín."

Ìtìjú bo bàbá, kò sì fi pa mọ́. Ó sọ iṣu kalẹ̀ sójú ọ̀nà, ó sọ àdá lé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì di kẹ̀kẹ́ mú ṣinṣin títí Ràfátù fi gùn ún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ sókè. Ẹni àádọ́rin ọdún ń sáré lẹ́yìn ìyàwó ilé, fìlà bọ́, kò wẹ̀yìn. Lórí òkè ló ti jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Tó o bá tún bá àgbà pàdé, má sọ̀," ni bàbá ń wí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Sọ fún wọn pé Ògúndèyí ló ní kó o kọjá. Ẹni tínú bá bí, kó wá bá mi nílé."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Lẹ́nu Àtàn, àwọn àgbà mẹ́rin jókòó sábẹ́ igi. "Baba Ògúndèyí ní kí n kọjá o," ni Ràfátù wí, ó sì kọjá. Ọ̀kan dìde láti béèrè Ògúndèyí wo, ṣùgbọ́n eruku ló dá a lóhùn.

Nínú yàrá, Mùíbátù wà lórí ìkúnlẹ̀, orí ọmọ ti yọ, ojú rẹ̀ dúdú bí aró. Agbẹ̀bí àgbà di èjìká Mùíbátù mú, ó ń sunkún. Ràfátù kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fọṣẹ fọwọ́, ó fi ìka kan wá ọrùn ọmọ. Ìwọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló yí i ká. Ó tú ìkíní gba orí ọmọ kọjá, ó tú ìkejì. "Ó yá, àbúrò mi, tì í." Ọmọ bọ́ sí i lọ́wọ́, kò ké. Ó nu ẹnu rẹ̀, ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ sín, ó sì figbe ta.

Nígbà tí Fàlílù fẹsẹ̀ dé, wọ́n ti ń pe ìrun Mágàríbì. Wọ́n ti wẹ ọmọ, ó ti mu ọmú, ó ti sùn. Eruku gùn dé orúnkún Fàlílù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wọ yàrá yẹn rí. Ràfátù jáde lọ bá a.

"Wọlé," ó ní. "Ó ń mí."

Fàlílù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Ó wo ọ̀nà tó gbà wá, ó wo ibi tí oòrùn wọ̀ sí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ìsinsìnyí làwa méjèèjì ì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dé."