Wọ́n Ní Mò Ń Sùn

Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù láyé tó ń pè mí ní Àkànní. Ẹ̀gbọ́n mi ni, Olúbáyọ̀, ní Ìpẹru. Oríkì kì í ṣe ohun tí ọmọdé fi ń pe àgbà. Ẹni tó bá jù ọ́ lọ ló ń fi pè ọ́, àwọn tó jù mí lọ sì ti lọ tán. Òun ló kù.

Láràárọ̀ ló máa ń pè mí lórí fóònù nínú ilé mi ní Ardwick, ní Manchester. Kì í béèrè bóyá mo ti jí. Ó mọ̀ pé mo ti jí. Á ní, "Àkànní, ọmọ àgbẹ̀ tó ń jí bá ìrì pàdé." Èmi á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀." A ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orúnkún rẹ̀ àti nípa òjò. Ó parí. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú la ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tíì pè, n kì í jẹun.

Bọ̀wálé ọmọ mi ló ní ká lọ sí Ítálì. Dobcross ló ń gbé, òun àti Adéṣẹwà ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti Ṣùbòmí ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì. Ó ní mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ní Harpurhey títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì rí ibì kankan láyé. Òótọ́ ni. Mo tẹ̀ lé wọn.

Ní ọjọ́ kejì tí a dé Bologna, ó gba fóònù mi. Ó ní kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀, pé òun á bá mi tún un ṣe. Mo gbé e fún un. Ọmọ mi ni.

Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ Sátidé, ni ọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

Kí oòrùn tó yọ ni mo ti wẹ̀ tí mo ti wọṣọ. A jókòó sídìí oúnjẹ àárọ̀ ní ilé ìtura. Fóònù Bọ̀wálé dún. Ó wò ó, ó dìde, ó jáde síta. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó gbé ọwọ́ lé orí. Nígbà tó wọlé, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ta ni?" ni mo bi í.

"Ibi iṣẹ́ ni, Dádì."

"Lọ́jọ́ Sátidé?"

"Àwọn òyìnbó yẹn ò mọ Sátidé."

"Fóònù mi dà? Mo fẹ́ pe Ìpẹru. Láti àná ni n kò ti gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò tíì tún un ṣe tán. Tá a bá dé Modena."

"Tìẹ yẹn ńkọ́? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tó o fi sọ̀rọ̀."

"Iná ti fẹ́ẹ̀ tán nínú ẹ̀, Dádì. Bàbá Ìpẹru mọ̀ pé ẹ rìnrìn-àjò. Ẹ jẹun, ẹ jọ̀ọ́."

Adéṣẹwà bu búrẹ́dì kún àwo mi. Mo jẹ ẹ́. Láàárọ̀ àná tí kò pè, n kò jẹun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jẹun láàárọ̀ láìgbọ́ orúkọ mi.

Ooru ọjọ́ náà kì í ṣe irú ti Manchester, níbi tí oòrùn ti ń ràn díẹ̀ tí gbogbo ènìyàn á bọ́ ẹ̀wù. Títì ń yọ èéfín lójú wa. A ti fèrèsé ọkọ̀ pa, a tan AC, síbẹ̀ àga ọkọ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Oko àgbàdo ló wà lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ní lọ́kàn mi pé màá sọ ọ́ fún Olúbáyọ̀ pé àgbàdo wọn ga ju tiwa lọ. Kò ní gbà.

Ṣùbòmí ló jókòó tì mí. Ọmọ tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ibùdókọ̀ Piccadilly dé Dobcross, kò sọ nǹkan kan. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tì í.

"Ta ló gé ọ láhọ́n?"

"I'm alright, Grandpa. Oorun ló ń kùn mí."

Kò sùn. Ó ń wo àgbàdo.

A dúró ra epo. Fóònù Bọ̀wálé tí iná ti fẹ́ẹ̀ tán tún dún. Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ dúró sẹ́yìn ilé epo. Wọ́n pẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, ojú Adéṣẹwà pọ́n.

"Òógùn ló wọ̀ mí lójú, Dádì," ló wí, n kò sì tíì bi í léèrè. Ó na áísìkiriìmù sí mi. "Ẹ tètè lá a kó tó yọ́."

Mo wò ó. Obìnrin yìí kì í jẹ́ kí n mu tíì tó ní ṣúgà.

A dé Modena lọ́sàn-án gangan. Wọ́n mú mi lọ sí ilé oúnjẹ kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó ní òpó, níbi tí ìbòji wà. Wọ́n gbé ìyẹ̀fun dídín wá, ó wú, ó gbóná, ó dà bíi pọ́fù-pọ́fù tí wọn kò fi ṣúgà sí. Wọ́n gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wá, wọ́n fi iyọ̀ tọ́jú rẹ̀, wọ́n gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bọ̀wálé ń sọ̀rọ̀ ṣáá.

"Dádì, ẹ wò ó, àwọn ará ibí náà mọ pọ́fù-pọ́fù. Ẹ dì í mọ́ ẹran. Báyìí. Ṣé ẹ rí i? Kò sí ìyá alákàrà tó lè bá wọn du èyí."

Mo jẹ ọ̀kan. Mo jẹ èkejì. Iyọ̀ kún un. Mo mú ọ̀rá iyọ̀ kékeré tó wà lórí tábìlì, mo ya á, mo wọ́n ọn lé ẹran, mo sì ń wo ojú Adéṣẹwà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ní. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní ọkàn, bí mo bá fọwọ́ kan iyọ̀ níwájú rẹ̀, á gbà á kúrò lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó rí i. Kò gbà á. Ó tún fi ẹran mìíràn sí àwo mi.

Mo gbé oúnjẹ náà kalẹ̀.

Nílé wa, bí a bá fẹ́ túfọ̀ fún ènìyàn, a kì í sọ ọ́ lójú ebi. Nígbà tí bàbá mi kú sójú ọ̀nà Ìbàdàn, àwọn ẹbí wọlé, wọ́n jókòó ti ìyá mi, wọ́n ń fi ìkọ́kọrẹ́ bọ́ ọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó jẹ ẹ́ tán. Wọ́n sọ fún un. Ó bì í jáde sórí ẹní. Títí ó fi kú, kò jẹ ìkọ́kọrẹ́ mọ́. Ọmọdé ni mí, mo wà níbẹ̀. Olúbáyọ̀ ló di ọwọ́ mi mú.

"Ta ló kú?" ni mo wí.

Bọ̀wálé gbé ife omi sẹ́nu.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Dádì," ni Adéṣẹwà wí. "Ikú ò ní wọlé wa, lórúkọ Jésù."

"N kò béèrè àdúrà. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Dádì," ni Bọ̀wálé wí. "Ooru yìí ló ń dà yín láàmú. Ẹ jẹun tán, Parma ò jìn."

Ó ń wo ojú mi nígbà tó sọ ọ́. Mo yí sí Ṣùbòmí. Ó ń wo àwo rẹ̀. Kò tíì jẹ nǹkan kan.

N kò bá wọn jà láàárín àwọn àjèjì. Mo dìde, mo lọ wọ ọkọ̀.

Ní Parma, ojúde ńlá kan wà níwájú ilé ìsìn àtijọ́. Òkúta ló bo gbogbo ilẹ̀, kò sí igi kan. Ilé oúnjẹ tí wọ́n ti sọ tábìlì sílẹ̀ dè wá wà lódì kejì. Wọ́n kọjú síbẹ̀. Èmi jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìsìn nínú oòrùn. Òkúta náà gbóná bí agbada gààrí.

Bọ̀wálé padà wá. "Dádì, ìbòji wà lọ́hùn-ún."

"Gbé fóònù mi wá."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ..."

"Oúnjẹ tí o bá tún pè fún mi lónìí, ìwọ lo máa jẹ ẹ́. Gbé fóònù mi wá."

"Oòrùn yìí á pa yín."

"Kó pa mí. Ẹ ó fi oúnjẹ bọ́ ẹlòmíràn kí ẹ tó sọ fún un."

Adéṣẹwà kúnlẹ̀ sórí òkúta. Àwọn òyìnbó tó ń yàwòrán yí ojú sí wa. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú." N kò sọ fún un pé kó dìde.

Bọ̀wálé jókòó sí àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀ mi. Ó ní, "Bàbá Ìpẹru ti sinmi, Dádì."

"Nígbà wo?"

"Ká tó dé Modena."

"Ilé epo."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ti jẹun lẹ́yìn ìyẹn."

Ó fọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀.

"Mo bi ọ́ ta ló kú. O wo ojú mi."

"Dádì, dókítà ní ká má já yín láyà. Ọkàn yín..."

"Ọkàn ta ni? Tèmi ni àbí tìẹ?"

"Àwọn ará ilé náà gbà pé ká jẹ́ kí ẹ dé Manchester ná. Ìgbà tí wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Thursday, a rò pé wọ́n á padà sílé. Ìsinmi yín ni a ò fẹ́ bà jẹ́."

"Thursday," ni mo wí. "Ìdí tí o fi gba fóònù mi nìyẹn."

Ṣùbòmí dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Tell him the rest, Dad."

"Ṣùbòmí."

"No. Grandpa, Bàbá Ìpẹru béèrè yín láàárọ̀ yìí. Àwọn fúnra wọn ló sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Dad ní ẹ̀ ń sùn."

Mo rántí fèrèsé. Mo rántí ẹ̀yìn rẹ̀, àti ọwọ́ tó gbé lé orí. Mo wà níbẹ̀, mo ti wẹ̀, mo ti wọṣọ, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ mi. Gíláàsì kan ló wà láàárín èmi àti ohùn ẹ̀gbọ́n mi.

N kò pariwo. Mo na ọwọ́. Adéṣẹwà ló mú fóònù mi jáde láti inú báàgì rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é.

Mo pe Ìpẹru. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Olúwatósìn, ló gbé e. Ó bá mi nílé wa nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wọlé, kì í pe orúkọ mi. Akọ̀wé ló sọ mí.

"Akọ̀wé," ló wí, ohùn rẹ̀ ti há. "Ẹ ti jí. Ṣé ara yín ti yá?"

"Ara mi kò ṣe nǹkan kan."

"Wọ́n ní ẹ̀ ń sùn."

"Kí ni ẹ̀gbọ́n mi sọ?"

"Wọ́n ní ká pè yín, àwọn fẹ́ kí yín. Nígbà tí Bọ̀wálé ní ẹ̀ ń sùn, ó dùn wọ́n. Wọ́n ní Àkànní kì í sùn di ìwòyí, ara rẹ̀ kò yá nìyẹn, ẹ̀ ń fi pa mọ́ fún mi ni. Wọ́n ń bi wá títí. Ara yín ni wọ́n ń bi wá. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ká má jí yín. Wọ́n wá ń kì yín, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Bọ̀wálé ti pa fóònù nígbà yẹn. Wọn ò mọ̀ pé ó ti pa á."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní màá wá. Mo pa fóònù náà, mo fi sí àpò mi, mo sì di bọ́tìnì àpò náà.

"N kò sùn," ni mo sọ fún ọmọ mi.

"Dádì, ẹ dárí jì mí."

"Ẹ̀gbọ́n mi kú, ó ń ṣàníyàn mi. Ìwọ lo fún un ní àníyàn yẹn."

Ó fẹ́ di ẹsẹ̀ mi mú. Mo dìde. Mo ní kó wa ọkọ̀ padà sí Bologna. Ẹnikẹ́ni kò jẹun ní Parma. Nínú ọkọ̀, Adéṣẹwà béèrè bóyá mo fẹ́ omi. N kò fẹ́ omi.

Èmi nìkan ni mo lọ sìnkú ní Ìpẹru. Wọ́n ní àwọn á bá mi lọ. Mo ní kí wọ́n jókòó sí Dobcross, kí wọ́n máa gbádùn ìsinmi wọn.

Mo ti padà sí Ardwick. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo máa ń wẹ̀ tí mo máa ń wọṣọ. Mo ń jókòó sídìí fèrèsé, mo ń wo bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sáàárín ìlú. Ní àkókò tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè, fóònù á dún. Bọ̀wálé ni. Ojoojúmọ́ ló ń pè báyìí. Ó rò pé àyè ló ṣófo. Kò lè pè mí ní Àkànní. Fóònù ń dún lórí tábìlì níwájú mi, mo ń wò ó títí á fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ó kan ilẹ̀kùn. Ó gbé kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó dìde.

"Dádì, mo pè yín láàárọ̀. Mo pè yín lánàá náà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń pè yín."

"Mò ń sùn," ni mo wí.

Ó dúró pẹ̀lú kúlà náà. N kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.