Ẹṣin Tí Kò Fẹ́ Ẹ̀bẹ̀

Ẹsẹ̀ afárá gan-an ni ẹṣin náà tún dúró sí. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ta ilẹ̀, ó na etí sẹ́yìn, gbogbo ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Búrẹ́dì gbígbóná kún inú kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń fà, ó ń ta sánsán, àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ sì wà ní òdìkejì odò.

Aránṣọ ni obìnrin tó di ìjánu mú, kì í ṣe ẹlẹ́ṣin. Bàbá rẹ̀ ló ni ẹṣin, òun ló sì ń kó búrẹ́dì láti ilé ìyá oníbúrẹ́dì lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù òkè odò, kó tó di pé àyà dùn ún tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ yìí ti gba ìjánu ni ẹṣin ti ń kọ afárá. Àwọn alábàárù ló ń bá a ru búrẹ́dì kọjá, yóò sì ti tutù kó tó débẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ìyá oníbúrẹ́dì sọ ojú abẹ níkòó: bí ẹṣin kò bá kọjá lónìí, mọ́tò ni òun máa gbé iṣẹ́ fún lọ́la. Bí iṣẹ́ bá sì bọ́, ẹ̀gbọ́n aránṣọ ọkùnrin ti ní títà ni àwọn máa ta ẹṣin. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sán òní ni bàbá ń bọ̀ wálé. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí kò lọ́rẹ̀ẹ́ ju ẹṣin lọ, wọ́n wá fẹ́ ta ẹṣin rẹ̀ mọ́ ọn lójú.

Ní ti ẹ̀bẹ̀, aránṣọ ti bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u. Ọ̀lẹ ni bàbá rẹ̀ sọ ẹṣin náà, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọmọlúàbí wo ló ń pe ẹni tó ń bọ́ ọ ní ọ̀lẹ? Ó yí i padà sí Olówó-orí-mi.

"Olówó-orí-mi, jọ̀wọ́," ó ń fọwọ́ pa á lọ́rùn. "Ọkọ mi àtàtà, díẹ̀ báyìí ló kù. Má dójú tì mí."

Ó fún un ní ṣúgà, ẹṣin kọ̀ ọ́. Bó ṣe ń kẹ́ ẹ tó ni ojú ẹṣin ń funfun tó, tó ń fi ìdí ti kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Àwọn àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ṣùgbọ́n ó jọ pé wọn kò sọ fún ẹṣin yìí.

Bàbá aránbàtà, tó ti ń jókòó sí ẹsẹ̀ afárá láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, yọ ìṣó kúrò lẹ́nu.

"Ọmọ mi, kí lo ń bẹ̀ ẹ́ sí?"

"Ẹ̀rù ló ń bà á, bàbá. Kí ni bàbá mi máa ń ṣe fún un níbí?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó máa ń bú u ni, látorí dé ìrù, títí wọ́n á fi kọjá. Èmi ò gbọ́ kó pè é lọ́kọ àtàtà rí."

Aránṣọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. Ó rántí ìgbà tó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ohùn dídùn bá ẹṣin sọ̀rọ̀. Dókítà ẹran ló wá gún un lábẹ́rẹ́. Bàbá gbá orí ẹṣin mọ́ra, ó ń pè é ní ọkọ òun, ọba òun, abẹ́rẹ́ sì wọ ọrùn ẹṣin. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà tí wọ́n fẹ́ fa eyín ẹṣin tó jẹrà. Nínú ilé wọn, bí wọ́n bá ti fi ohùn dídùn pè ọ́, tètè múra sílẹ̀. Àwọn ọmọ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ló sì ṣe òun náà lánàá? Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ ní ọsibítù, bàbá mú un lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi dáadáa, o ṣeun." Ọkùnrin tí kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aránṣọ sá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sunkún, torí ó dá a lójú pé bàbá fẹ́ kú ni. Òun àti ẹṣin, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójoojúmọ́ ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹranko yìí pé abẹ́rẹ́ ń bẹ lórí afárá.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ojú ń tì í.

"Ọ̀lẹ," ló wí.

Etí kan yí sí i.

"Ọ̀lẹ paraku. Olóríkunkun. Ẹnu mọ̀ ọ́n jẹ, ẹsẹ̀ ò mọ̀ ọ́n rìn. Ṣé kí n wá pọ̀n ọ́ ni? Ìgbálẹ̀ tó gbó sàn ju ìrù ẹ lọ. Kúrò níbẹ̀ jàre."

Ẹṣin mí kanlẹ̀. Ara rẹ̀ rọlẹ̀. Ó gbọn orí, ó gbé ẹsẹ̀ lé pákó afárá, ó sì ń lọ kó kò kó bí ẹni tó mọ̀nà ilé rẹ̀. Aránṣọ ń bú u lọ, omi ń dà lójú rẹ̀. Búrẹ́dì gbóná dé ọwọ́ àwọn tó ni ín.

Láti ibẹ̀ ló darí kẹ̀kẹ́ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì di bàbá lápá mú jáde. Ó ti rù, ṣòkòtò rẹ̀ fẹ́ já bọ́. Ohun kan ṣoṣo ni aránṣọ ń bẹ Ọlọ́run fún, pé kí bàbá má tún pe òun ní ọmọ dáadáa.

Bàbá wo ẹṣin, ó wo kẹ̀kẹ́, ó tẹjú mọ́ ìjánu.

"Ta ló so nǹkan yìí?"

"Èmi ni, bàbá."

"Mo mọ̀. Òpònú nìkan ló lè so ó báyìí. Ṣé o fẹ́ rán ẹnu ẹṣin pọ̀ ni?"

Aránṣọ bú sẹ́kún. "Ẹ ṣé, bàbá mi. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Mo bú ọ, o ń dúpẹ́. Ṣé orí ẹ pé?"

"Ó pé, bàbá."

Aránṣọ gbé bàbá gun kẹ̀kẹ́, ó fi àpò ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ nídìí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹṣin ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù nínú ọkàn, torí ẹṣin ló jẹ́ kó gbọ́ ohun tí bàbá ti ń fi èébú sọ fún un láti kékeré.

Wọ́n dé afárá, ẹṣin dúró, ó ń retí. Bàbá la ẹnu, ikọ́ ló jáde, ohùn kò sí. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀lẹ," ni aránṣọ bẹ̀rẹ̀. "Olóríkunkun. Ẹnu mọ̀ ọ́n jẹ, ẹsẹ̀ ò mọ̀ ọ́n rìn."

Bàbá mirí. "Kò tíì tó," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Fi ti ìrù kún un."

Ó fi ti ìrù kún un, wọ́n sì kọjá.