Àtàǹpàkò Lára Dígí Abah

"Ó tún ti yọ!" Imas gbé ojú kan sẹ́yìn abẹ, kò mí. "Engkos, wá wò ó. Ibi àná náà gan-an ni."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi kọ́! Dígí tí òkú fi sílẹ̀, ẹ̀yin àti ẹ̀ ni kẹ́ ẹ jọ máa wo ara yín."

"Ojo! Tìẹ ò ju kó o gbé e lọ Bandung lọ́la kí wọ́n fi fàdákà bò ó."

"Tẹ́ ẹ ò bá wá parí ẹ̀ ńkọ́? Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bò ó yẹn o."

"Ta ló bi ẹ́?"

Engkos bá tirẹ̀ lọ. Òjò ọ̀sán ń rọ̀ sórí òrùlé. Imas ti fi àpò dí gbogbo fèrèsé, inú yàrá ẹ̀yìnkùlé náà dúdú kirikiri. Iná kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ń gba ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ jáde. Dígí róbótó tí Abah, bàbá wọn, fọwọ́ lọ̀ fún ọdún mẹ́rin kó tó kú, èyí tí wọ́n máa fi wo ìràwọ̀, dúró lókèèrè. Ìmọ́lẹ̀ ń lọ bá dígí, ó ń padà wá bá abẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Imas. Ẹni tó bá wò ó báyìí, ojú dígí á dà bí ojú òṣùpá: ohun tí kò nípọn tó irun orí rárá á yọ gọ́ńgọ́ bí òkè.

Òkè yìí kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ. Apá òsì, nítòsí etí, ibi tí Abah máa ń dì mú.

Ọjọ́ Ajé ló kọ́kọ́ yọ. Imas ki àtàǹpàkò tirẹ̀ bọ ìyẹ̀fun pupa tí wọ́n fi ń dán dígí, ó dán an títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún yọ. Ọjọ́rú, bákan náà. Òní, Ọjọ́bọ̀, ó tún ti yọ. "Díẹ̀ ló kù, Imas. Má bà á jẹ́." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Abah nìyẹn. Ta ló wá ń tẹ òkè sí i?

Imas tó ti lé olórí àdúgbò jáde nílé rí kò lè bojú wẹ̀yìn.

"Abah," ó sọ sínú òkùnkùn, "bẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹ sọ ọ́. Ẹ yé fi mí ṣeré."

Nǹkan rọra yọ níwájú dígí. Ìka márùn-ún, dúdú. Èéfín ń rú lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn, bẹ́ẹ̀ kò síná níbẹ̀.

Imas figbe ta. Ó tan tọ́ọ̀ṣì.

Ema, ìyá rẹ̀, ló dúró láìwọ bàtà, tó na ọwọ́ sí dígí.

"Ẹ̀yin ni?"

"Kí lo ń pariwo fún? Ibi tí bàbá yín máa ń fọwọ́ dì mú ni mo máa ń dì mú, tó o bá lọ kírun ọ̀sán. Lójoojúmọ́ ló túbọ̀ ń ṣòro kí n tó lè yọwọ́. Tòní ò tó mi, ni mo ṣe padà wá."

Imas wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ooru ọwọ́ máa ń wú dígí. Tó bá tutù, á padà sáyè rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Abah kọ́ ọ. Òun ló gbàgbé, tó ń ha ibi tí ooru wú, bí ẹni pé dígí fúnra rẹ̀ ló ga níbẹ̀.

"Ẹ jókòó síbí, Ema. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Wọ́n dúró títí òjò fi dá. Ema gbé ojú sẹ́yìn abẹ.

"Òkè kan ń rẹlẹ̀... Ó ti tẹ́... Imas, ó ti di kòtò."

"Èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Imas kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lọ síwájú dígí, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀.

"Kí ló ń jáde lọ́wọ́ ẹ yẹn?"

"Ooru ara ni."

Ema kò gbójú kúrò níbẹ̀. "Mo di ọwọ́ bàbá yín mú láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Báyìí ni ooru ṣe ń lọ lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò rí i."

Engkos pariwo láti ìta: "Ṣé kí n wá lọ́la, àbí kí n má wá?"

"Wá!" ni Imas dáhùn. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Tí dígí bá ti Bandung dé, a máa fi ọ̀dà dúdú bo ojú kòtò yẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ibẹ̀ ò ní padà wá mọ́. Ìyókù máa rí ìràwọ̀."

"Kí la máa fi kùn ún?"

Imas mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó ká ìka mẹ́rin mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò sílẹ̀.